Sáà Bọ́ọ̀lù 2019/2020: Ọdún Tí Líìgì Kejì Kò Ní Olúborí

Nínú àkọsílẹ̀ líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìlà kan wà tí kò ní orúkọ ẹgbẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Ìlà náà ni ti sáà 2019/2020 nínú Nigeria National League, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NNL, líìgì tó tẹ̀ lé líìgì àgbà gan-an. Lọ́dún náà, kò sí ẹgbẹ́ tó gba ife, kò sí èyí tó gòkè, kò sì sí èyí tó já wálẹ̀. Àjàkálẹ̀-àrùn kòrónà ló bá líìgì náà lẹ́nu ìrìn tó dá a dúró. Nígbà tó sì kan ká pinnu ohun tí wọn yóò fi í ṣe, ṣe ni wọ́n fagi lé e. Ìtàn sáà yìí yẹ kí wọ́n gbọ́ l'Ọ̀sì, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọ̀wà, l'Àràròmí-Ọ̀pin àti ní gbogbo ìlú tó yí wọn ká, nítorí ọ̀nà tí ọmọ wa kan lè gbà di agbábọ́ọ̀lù tí ayé mọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí. Líìgì àgbà, NPFL, ló wà lókè pátápátá. NNL ló tẹ̀ lé e, Nationwide League One wà ní ìpele kẹta, líìgì tí àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àràròmí-Ọ̀pin, ní ènìyàn 54,850 nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Òkè-Ẹ̀rọ, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlọ́fà, ní 57,619. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ibi tí owó ńlá bọ́ọ̀lù ń dé. Ìlọrin ni Kwara United fi ṣe ilé, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ABS àti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Kwara Football Academy wà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dán lórí pápá ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa ní láti wọkọ̀ gba Òmù-Àrán kọjá, kó lọ wá ẹni tí yóò wò ó. Kì í sábà jẹ́ ẹgbẹ́ líìgì àgbà ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ẹgbẹ́ kékeré ni, àwọn tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì rìn òru láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.

Rashidi Yekini, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ńlá Ìlọrin, tí Ìrá ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyún sì jẹ́ ìlú rẹ̀, kò ti ojú sánmà já bọ́. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kaduna ló ti gbéra, kó tó dé Shooting Stars n'Ìbàdàn, kó tó dé Abiola Babes l'Abẹ́òkúta, kó tó wá lọ sí Côte d'Ivoire àti Portugal. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, sínú àwọ̀n Bulgaria ní ìlú Dallas. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ kékeré lọ́dún tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rí i, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà?

Bí àrùn ṣe dá bọ́ọ̀lù dúró

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Italy kan tó gba Èkó kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí nǹkan fi yí padà. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ni ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ìbá bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Benin. Wọ́n sún un síwájú, oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣe é. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni àṣẹ jáde pé kí bọ́ọ̀lù dúró jákèjádò Nàìjíríà, láti líìgì àgbà títí dé ti àwọn obìnrin àti ti àwọn ẹgbẹ́ kékeré. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni kónílé ó gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ fún Èkó, Ògùn àti Abuja bẹ̀rẹ̀.

Ní Kwara, ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀-àrùn ní Nàìjíríà, kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tí àrùn náà wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde ni. Ẹni tó bá mọ gúúsù Kwara mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ náà jẹ́: àwọn ọmọ ìlú máa ń bọ̀ wálé láti Èkó, Ìbàdàn àti Abuja, wọn a ṣe ìpàdé ìlú, wọn a ṣe ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́ a sì gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín àdúgbò sí àdúgbò, ìlú sí ìlú. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí lọ́dún náà, ó sì bá ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq lẹ́nu ìsémọ́lé. Ojú ọ̀nà dá. Ilé ìwo-bọ́ọ̀lù tìlẹ̀kùn, kò tiẹ̀ sí ohun tí wọn ìbá wò, nítorí líìgì àwọn aláwọ̀ funfun náà ti dúró. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọ̀dọ́ ni oko, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Oṣù Keje ló tó wọlé kí wọ́n tó tú òfin náà. Nínú gbogbo òfin ìgbà náà, èyí ló pa NNL lára jù. Líìgì tí gbogbo ẹgbẹ́ inú rẹ̀ ń rin ojú títì kò lè gbá bọ́ọ̀lù bí wọn kò bá lè kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Kò sì sí èyí tó ní owó láti kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti imú wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣirò tó gba àwọn kan là

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25 nínú 38 ni líìgì àgbà dé nígbà tí àrùn dé. Plateau United ti Jos ló wà lókè tábìlì, pẹ̀lú pọ́ìǹtì 49. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí bí wọn yóò ṣe parí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àti NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fẹnu kò sí ìṣirò kan: wọ́n pín pọ́ìǹtì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá pín 49 sí 25, ohun tó jáde ni 1.96, ìyẹn ni pé Plateau United ń rí pọ́ìǹtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì nídìí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ìṣirò yìí ran Enyimba ti Aba lọ́wọ́, nítorí ìdíje Áfíríkà ti mú kí wọ́n jẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan nílé, àwọn tó wà níwájú wọn sì ti gbá jù wọ́n lọ. Plateau United àti Enyimba ló lọ sí Champions League ti Áfíríkà, Rivers United àti Kano Pillars lọ sí Confederation Cup. Ẹgbẹ́ kankan kò já wálẹ̀.

NNL kò rí irú ìṣirò yìí gbà. Àtòun, àti Nationwide League One, àti líìgì àwọn obìnrin, wọ́n fagi lé gbogbo wọn bí ẹni pé wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kankan rí lọ́dún náà. Ní tiwa, a gbà pé kò sí ọ̀nà tó dán mọ́rán láti parí ohun tí àrùn gé láàárín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ń béèrè orúkọ àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà, ọjọ́ wà tí orúkọ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí àjọ kankan lókè òkun tó ń béèrè orúkọ ẹni tó gba ipò kìíní ní NNL. Ẹni tí òde ń retí ni wọ́n jókòó ṣírò fún. Agbábọ́ọ̀lù tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú onílùú, tó fẹsẹ̀ dá, tó padà sílé láìgba owó oṣù, iṣẹ́ tirẹ̀ kò wọ ìwé kankan.

FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ya bílíọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún náà láti fi ran bọ́ọ̀lù àgbáyé lọ́wọ́. Àjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí mílíọ̀nù dọ́là kan, àti ẹgbẹ̀rún 500 dọ́là mìíràn fún bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Owó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n owó kò lè dá ọdún kan padà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 22 tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Bí ìpele kejì ṣe rí níbòmíràn

Ní Ṣáínà, níbi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ jáde, wọ́n ti dá bọ́ọ̀lù dúró láti òpin oṣù Kìíní 2020. Ẹgbẹ́ Wuhan Zall wà ní Spain níbi tí wọ́n ti ń gbára dì nígbà tí ìlú wọn ṣì wà ní títì pa. Oṣù Kẹrin ni wọ́n tó rí ilé wọn. Líìgì kejì ibẹ̀, China League One, kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n pín ẹgbẹ́ 18 sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n kó ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan, wọ́n sì gbá a tán kí oṣù Kọkànlá tó parí. Changchun Yatai ló gbégbá orókè, ó sì padà sí líìgì àgbà. Zhejiang tó wà nínú líìgì kejì kan náà lọ dojú kọ Wuhan Zall kí ó lè gba àyè rẹ̀ ní líìgì àgbà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Wuhan kò gbà fún un.

Ó dàbí pé ọ̀ràn tiwọn sàn ju tiwa lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló rí ọ̀la. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n yọ Liaoning kúrò nínú líìgì nítorí owó agbábọ́ọ̀lù tí kò san. Ẹgbẹ́ náà ti gba ife àwọn ẹgbẹ́ gbogbo Éṣíà rí, ní sáà 1989/90. Jiangsu tó gba líìgì àgbà Ṣáínà ní 2020 pàápàá dákẹ́ ní oṣù Kejì 2021, olówó rẹ̀ ló kọ̀yìn sí i.

Ní England, líìgì kejì wọn tí wọ́n ń pè ní Championship dúró ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ó sì padà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, nínú pápá tí kò sí òǹwòran kan. Leeds United ló gba ipò kìíní. West Bromwich Albion ló ṣe ìkejì, ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn wọn, Semi Ajayi, tí wọ́n bí ní agbègbè London tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Fulham ló gba àyè kẹta lẹ́yìn tó na Brentford ní góòlù 2 sí 1 ní Wembley ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Àwọn ìpele kẹta àti kẹrin wọn lo ìṣirò pọ́ìǹtì bíi ti líìgì àgbà wa. Faransé kò jẹ́ kí líìgì kejì tirẹ̀ parí, síbẹ̀ ó gbà kí Lorient àti Lens gòkè. Ghana ló ṣe bíi ti NNL: ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2020, wọ́n fagi lé gbogbo líìgì wọn, ti ọkùnrin àti ti obìnrin.

Ohun tó tẹ̀ lé e

A kò gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru àrùn. Lọ́dún 2018, líìgì àgbà Nàìjíríà ti dúró rí lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24, nígbà tí kò sí kòrónà. Wàhálà tó wà nínú àjọ bọ́ọ̀lù wà lára ohun tó fà á. Lobi Stars ti Makurdi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Champions League, ẹgbẹ́ kankan kò já, èyí ló sì fà á tí ẹgbẹ́ fi di 24 ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2020 ni líìgì àgbà tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ 20 kan náà, nítorí ẹnikẹ́ni kò gòkè. Àwọn ẹgbẹ́ NNL dúró sójú kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní òpin sáà 2020/2021, ẹgbẹ́ mẹ́rin gòkè: Gombe United, Niger Tornadoes, Shooting Stars àti Remo Stars. Fún Shooting Stars, tó gba ife Áfíríkà ní 1976 àti 1992, ọdún kan tí wọ́n fagi lé yẹn wà lára àwọn ọdún tó fi jókòó sí ìsàlẹ̀ láti 2017. Ọ̀rọ̀ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ló yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀. Ẹgbẹ́ tí sáà rẹ̀ parẹ́ lọ́dún 2020 ló gba líìgì àgbà Nàìjíríà ní sáà 2024/2025.

Ní Kwara, Kwara United ṣojú Nàìjíríà nínú Confederation Cup ní sáà 2022/2023, ó lé Douanes ti Niger lọ kí RS Berkane ti Morocco tó dá a dúró. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2025, ó gba ife Ààrẹ ní pápá Onikan l'Ékòó. Ẹgbẹ́ tó bá a dé àṣekágbá náà ni Abakaliki FC, ẹgbẹ́ NNL. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, pẹnáritì ló sì yà wọ́n.