Owó Ìjọba Lórí Ilẹ̀ Rírà: Àpẹẹrẹ Ojú Ọ̀nà Adó sí Ìjàn-Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn ló gbà pé bí a bá ti sanwó fún ẹbí onílẹ̀, tí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí rìsíìtì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni olùtajà ń tà. Abala 22 kò gbà kí a ta irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 sì sọ ohun tó bá lòdì sí òfin náà di asán. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, ẹni tó fi ilé dúró fún owó láìgba ìyọ̀ǹda gan-an ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá láre; báǹkì ló pàdánù.

Lẹ́yìn owó ìyọ̀ǹda ni owó òǹtẹ̀ àti ti ìforúkọsílẹ̀. Ìwé àdéhùn tí kò ní òǹtẹ̀, ilé-ẹjọ́ kì í gbà á bí ẹ̀rí títí a ó fi san owó náà pẹ̀lú ìtanràn. Àwọn kan a máa kọ iye tó kéré sínú ìwé kí owó ìjọba lè dínkù. Bí ẹjọ́ bá dé lọ́la, iye kékeré yẹn náà ni ìwé wọn yóò jẹ́rìí sí.