Àìná Ọ̀nàbólú (1882–1963), ayàwòrán àti olùkọ́

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Àìná Ọ̀nàbólú sí. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò tó fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Ọdún 1906 ló ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ó di 1920 kó tó lọ kàwé ní London, lẹ́yìn náà ní Paris. Àwọn gbajúmọ̀ Èkó ló sábà máa ń yà, Dókítà Ṣápárà wà lára wọn.

Ó darí dé ní 1922, ó sì ń kọ́ni káàkiri ilé ẹ̀kọ́ Èkó. Bí títì ṣe ń tín-ín-rín bó ṣe ń jìnnà sí ojú ló ń tẹnu mọ́, débi tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní “Mr Perspective”. Ó kọ́ni ní CMS Grammar School nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Erékùṣù Èkó, kó tó kó wá sí Bàrígà.

Òun ló rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà mìíràn wá, títí Kenneth Murray, òyìnbó ará Gẹ̀ẹ́sì, fi dé ní 1927. Ó yani lẹ́nu pé òyìnbó yìí ló ní kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Ọ̀nàbólú ní tirẹ̀ ò yéé kọ́ wọn ní àwòrán tó jọ ojú gan-an.