Sípíkà wo ló bá rìsífà home theatre yín mu? Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú gbaka ní oríta Siporex ní Yopougon, nílùú Abidjan, etí yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti débẹ̀. Àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀ ń pariwo, orin coupé-décalé ń dún láti ṣọ́ọ̀bù kan, orin mìíràn sì ń dá a lóhùn láti òdìkejì títì.

Yopougon ni èrò pọ̀ sí jùlọ ní Abidjan. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń gbé ìlú Abidjan pẹ̀lú, Anango ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì wá láti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ohun tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀, "France au revoir" ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè é. Rìsífà àti sípíkà sì wà lára ohun tí èèyàn lè rà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra rìsífà tó dára. Nígbà tó kù kó ra sípíkà iwájú, títóbi ló ń wò. Ó ra mẹ́rin, ó so méjì méjì pọ̀ sójú ihò kan náà. Ní ọjọ́ ìkómọ, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, èéfín ti ń jáde lẹ́yìn rìsífà. Owó oṣù méjì ló bá a lọ.

Kí ni "ohm" tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà?

Ẹ ro ti pọ́ńpù tó ń fa omi sínú ilé. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi kan, ara pọ́ńpù balẹ̀. Bí ẹ bá ṣí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó ń jáde pọ̀ sí i, àmọ́ pọ́ńpù ń gbóná. Bí ohm sípíkà ṣe ń kéré tó ni iná tó ń fà lára rìsífà ṣe ń pọ̀ tó.

Sípíkà ohm 8 rọrùn fún rìsífà ilé tó pọ̀ jùlọ. Ohm 6 náà kò sábà ní wàhálà. Bó bá jẹ́ ohm 4, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rìsífà yín bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gbé e. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ohm 4. Sísọ tó so méjì pọ̀ sọ ọ́ di ohm 2, kò sì sí rìsífà ilé tí wọ́n ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Wáàtì tó pọ̀ kọ́ ni ariwo tó pọ̀

Wáàtì ni àwọn ọlọ́jà máa ń fi pe oníbàárà. Ẹ má tètè gbà. "Wáàtì 1000" tí wọ́n kọ sára páálí lè jẹ́ àròpọ̀ gbogbo sípíkà, tàbí agbára tí ẹ̀rọ náà kò lè ní ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nítorí irú èyí ni àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ṣe gbé òfin kalẹ̀ lọ́dún 1974 lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ agbára ampilifáyà.

Nọ́ńbà tí èmi yóò kọ́kọ́ bèèrè ni decibel, ìyẹn bí sípíkà ṣe dún tó tí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1, téèyàn sì dúró sí mítà 1 sí i. Bí decibel bá fi 3 lé sí i, ìdajì agbára ló máa nílò láti dún bákan náà. Ohun tí sípíkà decibel 84 yóò fi wáàtì 100 ṣe, èyí tó jẹ́ 90 yóò fi nǹkan bíi 25 ṣe é. Nítorí náà, bí rìsífà yín bá kéré, sípíkà tó ní decibel 88 sókè ni kí ẹ wá.

Ohun kan wà tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: rìsífà tí kò lágbára lè ba sípíkà ńlá jẹ́. Tí wọ́n bá ṣí i dé òpin, ohùn náà á fọ́, twítà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín ló sì máa ń kọ́kọ́ jó. Tí ẹ bá ti gbọ́ pé ohùn ń họ, ẹ dín in kù.

Ṣé ẹ nílò sípíkà gíga?

Bí yàrá yín bá kéré, tí ẹ̀ ń jókòó ní nǹkan bíi mítà 2 sí 3, sípíkà kékeré méjì tó dára pẹ̀lú súbúwúfà kan ti tó. Nínú ètò rìsífà, ẹ yan "Small", kí ẹ sì fi ààlà sí 80 Hz. Ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń gba agbára jù á lọ sí súbúwúfà, ara á sì tu rìsífà. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun onísípíkà gíga láti yan "Small", àmọ́ kì í ṣe èébú.

Ẹni tó ń gbé nínú àgbàlá alájọgbé, tí ògiri kan péré wà láàárín òun àti aládùúgbò, yóò mọ ìdí mìíràn tí súbúwúfà kò fi gbọ́dọ̀ ga jù.

Bó bá jẹ́ fíìmù lẹ ń wò jù, sípíkà àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Ẹ gbìyànjú láti ra òun àti méjì iwájú láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, ìran kan náà.

Bí ẹ ṣe lè yẹ tòkunbọ̀ wò

Ẹ ṣí aṣọ iwájú sípíkà. Fóòmù tó yí wúfà ká máa ń gbó, á sì máa rún. Ẹ fi ìka rọra ti àárín wúfà wọlé. Bó bá ń họ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wọ̀n ọ́n: sípíkà ohm 8 sábà máa ń fi nǹkan bíi 6 hàn, ti ohm 4 á fi 3 àti díẹ̀ hàn. Bí mítà kò bá sọ nǹkankan, ó ti jó. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dán an wò.

Nígbà tí ẹ bá ń so wáyà, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan padà, kò ní jó, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ á dàbí pé ó sá lọ.

Ẹni tó ń gbé rìsífà láti Abidjan lọ sí Èjìgbò kò ní ìṣòro iná, nítorí volt 220 sí 240 ni wọ́n ń lò láti Côte d'Ivoire dé Nàìjíríà. Orí wáyà nìkan ni yóò pààrọ̀. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, volt 120 ni. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná.