Supplement Tó Lè Já Ṣúgà Ara Yín Wálẹ̀

Gbogbo wa la mọ ìtọ̀ ṣúgà. Èyí tí a fẹ́ sọ yàtọ̀: kí ṣúgà wálẹ̀ jù lára ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, tí kò gún abẹ́rẹ́ insulin rí.

Alpha-lipoic acid lorúkọ oògùn tó lè fà á. Wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ fọn, fún awọ ara, àti fún ẹsẹ̀ tó ń ta bí ẹni tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Orúkọ yẹn lè máà sí níwájú páálí. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wò ó láàárín àwọn fítámì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lò ó ló ń ṣe o, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tí àjogúnbá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gbà á ló sábà máa ń mú. Dókítà Hirata àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn náà ní Japan lọ́dún 1970.

Insulin ló ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara á ka insulin sí àlejò, wọ́n á dì í mú. Ara á wá máa ṣe òmíràn kún un. Nígbà tó bá di wákàtí mélòó kan, tí oúnjẹ ti dà tán, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àfi bí alájọ tó di owó gbogbo ọjà mú, tó wá san án lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí ọjà ti tú.

Òógùn á bo onítọ̀hún, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kì kì, ebi á dé lójijì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè dàrú. Ẹlòmíràn á dákú. Níbi tí ẹbí ò sí nítòsí, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé lè sọ pé ó mutí ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ṣúgà rẹ̀ ná! Tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 70 mg/dL, ó ti kéré. Ìsàlẹ̀ 54 léwu. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 tàbí 4 sómi fún un. Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkankan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà nínú mọ́tò. Àyẹ̀wò á fi hàn pé insulin pọ̀ kọjá ààlà, dókítà tí kò mọ ohun tẹ́ ẹ lò lè máa wá kókó kiri nínú yín. Wọ́n ti torí èyí ṣiṣẹ́ abẹ tí kò yẹ fún àwọn kan rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń wá àwọn ọmọ ogun tó di insulin mú yẹn. Ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Tí wọ́n bá dá supplement náà dúró, ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè, ni kí wọ́n máa jẹ títí dìgbà náà, kí wọ́n dín òkèlè ńlá kù. Oògùn gẹ̀gẹ̀ kan, methimazole, lè fa irú rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró fúnra yín.