Bàbá Suwe: Jayéjayé Tó Fi Ìjà Tọkọtaya Pa Ìlú Lẹ́rìn-ín

Kí Bàbá Suwe tó la ẹnu rárá ni ẹ̀rín ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò ti fi nǹkan dúdú kun ojú, yóò wọ aṣọ tí kò bára mu, yóò wá yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tí ìyàwó ń wá láti àárọ̀. Ìyá tó ń dáná á sáré wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé á pa ìwé dé. Ọbẹ̀ mélòó ni kò jóná nílé Yorùbá nítorí ọkùnrin yìí!

Babatúndé Omidínà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ìkòròdú ni, ṣùgbọ́n òpópónà Inabere ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1958. Ó kàwé díẹ̀ l'Ékòó, ó kà díẹ̀ l'Óṣogbo. Ọdún 1971 ló ti wọ iṣẹ́ tíátà, kò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ nígbà náà. Síbẹ̀, ọdún 1997 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn káàkiri, nígbà tó kópa nínú Ìrù Ẹṣin, fíìmù tí Ọláìyá Ìgwè gbé jáde. Ọdún 26 ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn tó rò pé ẹnu dídùn nìkan ló ń sọ èèyàn di aláwàdà kò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó di olóògbé lọ́dún 2018, ló ti la ọ̀nà náà ṣáájú, pẹ̀lú aago ràgàjì lọ́rùn àti awò ńlá lójú. Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá Suwe fi yàtọ̀ ni pé inú ilé ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Ọkọ ni, bàbá ọmọ ni, àna ẹni ni, alájọgbélé tí kò fẹ́ san owó iná ni. Àwọn òṣèré ìran rẹ̀ kì í sábà há ọ̀rọ̀ sórí bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n á ti sọ ohun tí ìran náà dá lé lórí, olúkúlùkù á wá fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e. Ibẹ̀ ló ti ń rí wọn mú. Ẹni tó bá a ṣeré á sọ̀rọ̀ ẹyọ kan, òun á ti fi mẹ́ta dá a lóhùn, á tún yí òwe àwọn àgbà po mọ́ ọn, ẹni náà á wá máa gbìyànjú kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu òun.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í bẹ̀rù ẹnu náà: Ọmọládùn, ìyàwó rẹ̀, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Mọládùn Kenkelewu. Òṣèré lòun náà. Tọkọtaya nílé, tọkọtaya nínú fíìmù. Yóò tún ìró ró, yóò fọwọ́ lé ìbàdí, èébú á bẹ̀rẹ̀, ọkọ á wá máa fẹ̀yìn rìn. Àwọn tó ń wò wọ́n mọ̀ pé àwọn méjì tó mọ ọwọ́ ara wọn ló ń jà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjà náà fi dùn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni Mọládùn kú. Bàbá Suwe ń bá eré lọ, àmọ́ ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́.

Wàhálà tó burú jù kò tíì dé. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, ó fẹ́ wọ bàálù Air France lọ sí Paris láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró sì mú un. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò fi hàn pé ó gbé kokéènì mì. Wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ sálángá, wọ́n ń tú ohun tó bá yà wò. Ohun tó ń jáde lára gbogbo èèyàn náà ló ń jáde lára rẹ̀. Adájọ́ Yetunde Idowu ti ilé-ẹjọ́ gíga Èkó gba onídùúró rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ ló tún pàṣẹ pé kí àjọ náà san mílíọ̀nù 25 náírà fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àjọ náà gba ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ.

Kí wá ni ìlú ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Ẹ̀rín ni. Nínú dánfó, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, nídìí ẹmu, ìgbọ̀nsẹ̀ Bàbá Suwe ni ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣèkà o. Aláwàdà ló ti kọ́ wọn láti máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti rí òun, ojú kan náà ni wọ́n sì fi wò ó nígbà tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn ni kò ṣeé gbójú fò bí a bá ń rántí rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dé, tó sì hàn gbangba pé ara kò le mọ́, àwọn ènìyàn dáwó, wọ́n sì gbé e lọ gba ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Ó padà wálé. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kéde pé bàbá ti lọ, lẹ́ni ọdún 63. Ìkòròdú ni wọ́n sin ín sí.

Fíìmù rẹ̀ pọ̀ lórí YouTube: Bàbá Jayéjayé, tí Funke Akindele àti Femi Adebayo wà nínú rẹ̀, Bàbá Lọ́ńdọ́nà, Ojú Olójú, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Wọn kò dọ́gba. Ariwo pọ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ nínú àwọn kan. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá èyí tí Mọládùn bá a ṣe. Nínú àwọn yẹn, Bàbá Suwe kì í sábà borí.