Òwú Ìsẹ́yìn Nígbà Ogun Hítílà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tí ẹnì kankan kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílẹ̀ wọn. Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ àti opó tí kò bímọ, láti ẹni 20 ọdún dé ẹni 30, ni wọ́n lè pè sẹ́nu iṣẹ́ ogun bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin. Wọn ò fipá gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ni àwọn kan ń wà, àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọta, àwọn mìíràn lọ sóko. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí èyí tí kò kan Ìsẹ́yìn, ìlú ahunṣọ ní Òkè-Ògùn, rárá, àmọ́ òwú so wọ́n pọ̀.

Ní Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òwú àti aṣọ Mánṣẹ́sítà ti ń wá, obìnrin ló pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Lọ́dún 1941 yẹn kan náà, ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ òwú kan pa kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè ráyè lọ ṣe nǹkan ìjà. Láti oṣù Kẹfà, àwọn ará Britain gan-an ò lè ra aṣọ mọ́ láìní kúpọ̀nù. Ọkọ̀ ojú omi sì há, nítorí àwọn ará Jámánì ń rì wọ́n sókun. Kí ló kù tó máa dé Èkó, ká má tíì sọ Òkè-Ògùn?

Òwú òyìnbó ti wọ ìdí òfì Yorùbá ṣáájú ogun, nítorí ó dọ́gba, kì í sì í tètè já. Bí kò bá sí, ọwọ́ àwọn ìyá ló kù. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí kúrò lára òwú oko. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n á yí ọ̀pá irin lé e lórí títí kóró á fi bọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi okùn ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n kó lè wú. Ìrànwú tí wọ́n fi ń ran án jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wúwo nísàlẹ̀. Ìyá náà á fi ọwọ́ kan ta á kó máa yí bí òkòtó, á máa fi ọwọ́ kejì fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀, ẹfun á wà lórí ìka rẹ̀ kó lè máa yọ̀. Àwọn kan ń wo èyí bí iṣẹ́ ìsinmi àgbàlagbà. Èmi ò gbà. Bó bá fà á jù, á já. Bí kò bá fà á tó, á ní kókó, kókó yẹn á sì fojú ahunṣọ rí màbo.

Ọkùnrin ni ahunṣọ Ìsẹ́yìn láyé ìgbà náà. Òfì rẹ̀ ń jẹ òwú ju bí obìnrin kan ṣe lè ran án lọ, nítorí náà ọwọ́ obìnrin mélòó kan ni ahunṣọ kan ń wò. Tí òwú ẹ̀rọ bá wọ́n, aṣọ kò lè yá ju ìrànwú lọ.

Kò sí òfin tó kọ̀wé ìpè sí àwọn tó ń ran òwú. Ọ̀wọ́n ọjà ló ń pè wọ́n. Àmọ́ ní Èkó, òfin fúnra rẹ̀ ló bá obìnrin dé ìdí àtẹ. Lọ́dún 1940, ìjọba ní kí obìnrin tó ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko àti olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà, kó wọn jáde títí ìjọba fi sún iye náà sí £200. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan, A. P. Pullen, wá ń dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta gàrí. Ẹni tó ti sanwó gàrí lóko, tó tún san ti àpò, ti alábàárù àti ti ọkọ̀, kò lè tà á ní iye tí ọ́fíìsì dá láìjẹ gbèsè. Gàrí bá kúrò lórí àtẹ, ó bọ́ sí ọjà abẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wọ́n jù. Pelewura àti àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà fún Pullen. Ọdún 1945 ni ìjọba tó jáwọ́.