Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo
Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ Òṣogbo ti wá? Ìtàn sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn ti wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Òrìṣà náà figbe ta pé oṣó igbó ni wọ́n!

Igbó náà ṣì wà, nǹkan bí hẹ́kítà 75. A kì í pẹja, a kì í gé igi níbẹ̀. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n odò kò mọ ààlà igbó: àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà ti da omi rẹ̀ rú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún, omi tí àwọn ìyá ń tìtorí ọmọ wá bù.